Ọ̀pá Iṣu àti Ojú Àwẹ̀ró

Ní abúlé Ìdí-Ahùn, àgbẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ Ògúndìran. Òun, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin wọn méjì àti ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó ni wọ́n jọ ń gbé. Àṣàbí ni ẹ̀gbọ́n. Àwẹ̀ró, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni àbúrò. Kò sí ọjọ́ tí ilé náà fẹ́ràn tó ọjọ́ ọ̀pá iṣu. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ dáadáa, tí okùn iṣu sì ń wá ohun tí yóò gùn, gbogbo wọn a jáde lọ sóko láàárọ̀. Wọn a sun iṣu tó ṣẹ́ kù láti ọdún tó kọjá, wọn a fi epo jẹ ẹ́ lábẹ́ igi. Ọmọ tó kéré jù ló máa ń ki ọ̀pá àkọ́kọ́ bọlẹ̀, òun ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ bu iṣu fún. Tẹ́lẹ̀, Àṣàbí ló ń bá Àwẹ̀ró di ọ̀pá mú. Lọ́dún yìí, Àwẹ̀ró ní òun nìkan ni òun yóò ṣe é.

Ìyá rẹ̀ kì í fọkàn balẹ̀ lórí ọmọ. Wọn ò tíì kúrò nílé tó fi bẹ̀rẹ̀: “Àwẹ̀ró, má kiwọ́ bọ ihò o. Wo ilẹ̀ kí o tó tẹsẹ̀. Má sáré létí odò.”

“Ìyá Àṣàbí,” ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí, “ṣẹ́ ìkìlọ̀ díẹ̀ kù de ọ̀la.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọrí sí etí odò, níbi tí Ògúndìran gé ọ̀pá jọ sí. Ó di wọ́n, ó gbé ìdì náà lé èjìká. Àwọn ọ̀pá náà gùn, orí wọn tó mú ṣóńṣó sì yọ gogoro sẹ́yìn rẹ̀. Àwẹ̀ró tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáájú òun dé oko. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń wo inú koríko bóyá ejò wà níbẹ̀.

Kò rí ejò. Olú ló rí, tó hù funfun yí ògán kan ká. Inú rẹ̀ dùn.

“Bàbá Àṣàbí, ẹ wo olú lápá ọ̀tún yín!”

Ọkọ rẹ̀ dúró lójijì, ó tẹsẹ̀ kan sẹ́yìn kí ó lè rí i. Àwẹ̀ró kò tíì dúró, orí ọ̀pá kan sì gún un lójú.

Ọmọ náà kò ké. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ìyá rẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀, ó sì sáré tọ̀ ọ́. Ògúndìran yíjú, ó rí ọmọ rẹ̀, ó dúró gbagidi, igi ṣì wà léjìká rẹ̀.

“Sọ igi yẹn kalẹ̀,” ni ìyá àgbà, ìyá Ògúndìran, wí fún un.

Ó dà bíi pé kò gbọ́. Ìyá àgbà tún un sọ kí ó tó jù ú sílẹ̀.

Ìyá àgbà da omi sójú ọmọ, ó rọra gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè. Ẹyinjú ṣì wà. Ìwọ̀n hóró àgbàdo kan péré ló wà láàárín ọgbẹ́ náà àti ẹyinjú. Nígbà náà ni Àwẹ̀ró sunkún. Bàbá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í. Ìyá rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní àsọtúnsọ: “Èmi ni mo pè é. Èmi ni mo pè é.” Kò sẹ́ni tó já olú.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni okùn iṣu fi ń wọ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó padà wá kó ọ̀pá. Bí Ògúndìran ṣe bẹ̀rẹ̀ láti di ọ̀pá, Àwẹ̀ró ti sá lọ jìnnà réré.

“Igi gogoro, má gún mi lójú o,” ó ń bẹ igi náà.

Àṣàbí fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Igi tó ṣì wà nílẹ̀ lò ń sá fún, ojo. Dúró kó gbéra ná.”

“Ìwọ tó wà nítòsí lọ́jọ́sí,” ni ìyá àgbà bi í, “ṣé o rí igi náà nígbà tó ń bọ̀?”

“Mi ò rí i, Ìyá àgbà.”

“Ìyá rẹ ńkọ́, tó ń ṣọ́ Àwẹ̀ró?”

Àṣàbí mi orí. Ìyá rẹ̀ náà ní òun kò rí i.

“Igi tó bá ti súnmọ́ ojú, kì í jọ igi mọ́,” ni ìyá àgbà wí. “ Òkèèrè la ti ń wò ó.”

Ògúndìran gbé ìdì rẹ̀. “Ẹ máa lọ níwájú,” ó ní. “Èmi ni n ó kẹ́yìn.”

Ẹnu ọmọdé àti ẹnu ìyá àgbà ló parapọ̀ di ohun tí àwọn àgbà ń wí títí dòní, bí ewu bá ṣì wà lọ́nà jíjìn, pé: “Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.”