Àwọn Tí Wọ́n Kó Sínú Àpò Ìgbà Díẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí ó ń tọ́jú sáfà ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kan. Sáfà ni kọ̀mpútà ńlá tí gbogbo ìwé ilẹ̀ àgbègbè náà wà nínú rẹ̀. Ní agogo kan ọ̀sán lójoojúmọ́, ọkùnrin yìí a máa ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ sínú ẹ̀rọ mìíràn, kí ìwé àwọn aráàlú má baà bá ọ́fíìsì lọ bí iná bá jó o. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kẹtàlá tí ẹ̀dà náà ń dúró lójú ọ̀nà. Ìlà pupa kan a yọ, a sọ pé fáìlì tí òun ń wá kò sí níbẹ̀ mọ́, iṣẹ́ a sì dúró. Ọ̀gá ọ́fíìsì a yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹnjiníà, ẹ̀rọ yín tún ti ń sunkún?"

"Mò ń wò ó, sà."

"Ẹ wá nǹkan dí i lẹ́nu. Àwọn alábẹ̀wò láti olú-ìlú ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí pupa níbí."

Ọkùnrin náà jókòó tì í. Ó ka ìlà pupa ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá, ó sì rí i pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń wá: àpò kan tí kọ̀mpútà máa ń kó nǹkan ìgbà díẹ̀ sí. Ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í sábà pẹ́. Kọ̀mpútà á lò ó tán, á pa á rẹ́. Ẹ̀dà á ti kà á mọ́ ohun tó fẹ́ kó, ṣùgbọ́n nígbà tó bá máa fi dé ibẹ̀, á bá àyè rẹ̀ lófìfo. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà kọ ìlà kan péré fún sáfà pé kí ẹ̀dà máa fo àpò náà. Lọ́jọ́ kejì, ìlà aláwọ̀ ewé ló yọ: Ó pé. Ọ̀gá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Àǹtí tó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán ìwé àwọn aráàlú sínú sáfà nìkan ni kò yọ̀.

"Àpò wo lẹ ní kó máa fò?"

"Ti ìgbà díẹ̀ ni. Pàǹtí ló wà níbẹ̀."

Obìnrin náà wo ẹnu ọ̀nà ọ̀gá, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọkùnrin náà rí i pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Kò bi í. Inú rẹ̀ ń dùn.

Ogójì ọjọ́ kọjá. Bátìrì ọ́fíìsì kú, sáfà tí wọn kò pa láti ọdún tó kọjá kú pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì tún un tàn. Kò sẹ́ni tó bìkítà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyá arúgbó kan wọlé, Àwẹ̀ró Ọdẹ́tọ́lá, láti abúlé etí odò tí katakata ti wó ilé wọn. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni òun àti àwọn tó wó ilé náà ń jà lé lórí. Òjò ti ba ojúlówó ìwé rẹ̀ àti ti àwọn ará abúlé náà jẹ́ lábẹ́ àlàpà. Ọ̀la ni ilé-ẹjọ́ máa gbọ́ ẹjọ́ abúlé náà, ẹni tí kò bá sì ní ìwé lọ́wọ́, ilẹ̀ rẹ̀ lọ nìyẹn.

"Níbí ni wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀," ni ìyá náà wí. "Wọ́n ní kí n máa lọ, pé ó ti wà nínú kọ̀mpútà."

"Tó bá ti wà nínú kọ̀mpútà, màmá, kò lè sọnù. Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀."

Ó wá orúkọ náà, kò rí i. Ó ṣí gbogbo ẹ̀dà tó ti ṣe láti ọjọ́ tó ti kọ ìlà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló kọ Ó pé sára. Ìwé ìyá náà kò sí nínú ìkankan. Ó yíjú sí Àǹtí.

"Níbo lẹ fi í sí?"

"Ìwé ò lè wọ àpò gidi láìjẹ́ pé ọ̀gá fún un ní nọ́ńbà," ni Àǹtí dáhùn. "Ẹnìkan ti fojú sí ilẹ̀ etí odò, ọ̀gá ò sì fún ìwé àwọn ará ibẹ̀ ní nọ́ńbà. Ó ní kí àwòrán wọn ṣì wà níbi tí ẹ̀rọ ń kó o sí ná. Ọdún kan rèé."

"Nínú àpò ìgbà díẹ̀?"

"Ibẹ̀ ni."

Àpò yẹn sì ni sáfà máa ń gbọ̀n dànù nígbàkigbà tí wọ́n bá tún un tàn.

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Ẹ ní pàǹtí ló wà níbẹ̀, Ẹnjiníà. Ẹ ò bi mí."

Ìyá arúgbó náà ń wo àwọn méjèèjì. "Ṣé kí n jókòó ni, àbí kí n máa lọ?"

Nígbà náà ni ọkùnrin náà rántí ẹ̀dà kan tó ti bàjẹ́, èyí tó kẹ́yìn kí ó tó dí ẹ̀rọ lẹ́nu. Ó ti fẹ́ pa á rẹ́, kò tíì ráyè. Ó ṣí i. Kí ẹ̀dà náà tó dúró lójú ọ̀nà, ó ti kó apá kan àpò náà. Láàárín pàǹtí ni ìwé àwọn ará abúlé wà, méjìlélọ́gọ́ta. Ti Àwẹ̀ró wà níbẹ̀, ìtẹ̀ka bàbá rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ìwé. Ó tẹ gbogbo wọn jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àǹtí mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá tí wọ́n jọ ka orúkọ, àwọn mọ́kàndínlógún tó wá ya ìwé tiwọn lẹ́yìn ọjọ́ náà kò sí níbì kankan. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà dúró níwájú adájọ́, ó sọ ohun tí ọ̀gá ṣe. Ó sì sọ ìlà kan tí òun fúnra òun kọ.

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì, ìwọ ni mo ń sọ ọ́ fún. Ọkùnrin yẹn kò gba rìbá. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sọ pé ohun tó ṣe tọ̀nà. Ohun tó ṣe ò ju pé ó pa ẹkún kan láìbéèrè ẹni tó wà níbi tí ẹkún ti ń wá. Wọ́n á ní kí ìwọ náà dí nǹkan lẹ́nu kí àlejò tó dé. Lọ́jọ́ náà, dìde, lọ wo inú àpò yẹn fúnra rẹ. Bí o bá bá èèyàn níbẹ̀ tí wọ́n ní kó dúró ná, béèrè ẹni tó fi í síbẹ̀, kí o sì béèrè pé láti ìgbà wo. Má dákẹ́ títí wọn yóò fi fún un ní nọ́ńbà.

Mọ́kàndínlógún ni àwọn tí a kò rí ìwé wọn. Ẹ̀dà ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wá ṣì wà nílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló kọ ọ́ sára pé ó pé.