Omi Awùjẹ

Bí àgbà kan bá ní òun nìkan ló gbọ́n, ẹ ní kó wá wo oórì kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé wa.

Lọ́dún tí ẹ̀wà wọ́n, ìyàwó Oyègòkè gbé awùjẹ bọ̀ láti ìlú àwọn òbí rẹ̀. Ẹ̀wà dúdú tó tóbi ni, a ò jẹ irú rẹ̀ rí. Nígbà tó hó, ìyàwó fẹ́ da omi rẹ̀ nù. Ìyá ọkọ rẹ̀ di ìkòkò mú.

"Ìyàwó, omi ẹ̀wà la fi ń tọ́ ọmọ nílé yìí. Ta ló kọ́ ẹ ní ìnákùúnàá?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, omi yẹn ń pani. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń dà á nù lọ́dọ̀ wa."

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní ẹ̀wà sísè?"

Ìyàwó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó lọ pọnmi, Ìyá fi omi náà po ẹ̀kọ fún Àkànjí, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ìyàwó yìí bí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá ọmọ náà.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lónìí, ẹ̀wà yòówù kí Ìyá gbé kaná, ìbáà jẹ́ èyí tí gbogbo wa mọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń da omi rẹ̀ nù. Ìyàwó ti kó lọ, kò sí nílé láti rí i.