Ìdí Tí Àlàfo Fi Wà Láàárín Bẹ́ẹ̀ni àti Rárá

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, kò sí òdiwọ̀n fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó bá lè sanra a sanra.

Fèrèsé Ìbéèrè, àpótí tí kọ̀ǹpútà fi ń bi èèyàn ní ìbéèrè, ni baálé. Bọ́tìnnì méjì ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, Bẹ́ẹ̀ni àti Rárá. Rárá ló wà létí ilé, kì í sì í gbójú kúrò lára ẹnìkejì rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ni, o tún ti sanra."

"Aṣọ ni mo wọ̀."

"Aṣọ wo? Èjìká rẹ ti ń gún mi."

"Sún díẹ̀, jàre!"

Rárá sún. Ó tún sún. Ó lọ fẹjọ́ sun Fèrèsé.

"Baálé, ẹni yìí fẹ́ tì mí síta o."

"Ìfura rẹ ti pọ̀ jù," ni Fèrèsé wí.

Rárá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí Fèrèsé náà.

Lọ́jọ́ kan, Fèrèsé súnkì kí ó lè wọ àyè tóóró kan. Rárá ré bọ́ sẹ́yìn ògiri. Kò sẹ́ni tó rí i mọ́.

Ọjọ́ náà ni Bàbá Ọlásebìkan, tó ni kọ̀ǹpútà náà, ń ka lójú rẹ̀ lẹ́tà tí Mojírádé, ìyàwó rẹ̀, kọ kí ó tó kú. Lẹ́tà yìí nìkan ló kù nínú gbogbo lẹ́tà ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ Bàbá ṣèèṣì tẹ ibi ìparẹ́. Fèrèsé yọ:

"Ṣé kí n pa lẹ́tà yìí rẹ́?"

Bàbá wá Rárá títí. Bẹ́ẹ̀ni nìkan ló rí.

"Irú ìbéèrè wo nìyí, tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan?" Kò tẹ nǹkan kan.

"Mo wà níbí, Bàbá!" Rárá ń kígbe lẹ́yìn ògiri. Bàbá kò gbọ́, ṣùgbọ́n ó fura. Ó di igun Fèrèsé mú, ó fà á. Ilé fẹ̀. Kíá, Bẹ́ẹ̀ni sanra, ó gba gbogbo àyè tuntun náà.

"Bẹ́ẹ̀ni!" Fèrèsé jágbe. "Kí ló ṣe ọ́?"

Bẹ́ẹ̀ni bú sẹ́kún. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ojoojúmọ́ ni Rárá ń fojú wọ̀n mí. Mo rò pé àyè mi ló fẹ́ gbà."

Rárá gbọ́. Ojú tì í díẹ̀.

Fèrèsé ní, "Kí kálukú sọ àyè tó máa gba orúkọ rẹ̀. N kò ní súnkì ju ìyẹn lọ mọ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ti ọ̀rọ̀ ìbéèrè ni."

Bẹ́ẹ̀ni fọn. Rárá yọ jáde. Bàbá tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà Mojírádé sì wà.

Láti ọjọ́ náà ni fèrèsé ìbéèrè kò ti gbà kí a fún òun pọ̀ kọjá ibì kan. Bí a bá fà á fẹ̀, àyè ọ̀rọ̀ ló ń fẹ̀ sí i, àwọn bọ́tìnnì kì í sanra. Àlàfo tín-ín-rín tí ẹ sì ń rí láàárín Bẹ́ẹ̀ni àti Rárá, Rárá ló bẹ̀bẹ̀ fún un. Kò tíì gba ẹnìkejì rẹ̀ gbọ́.