Eérú Ilé Mẹ́rìndínlógún

Ọwọ́ tó dákẹ́ ni eruku ń bà lé,
Ẹsẹ̀ tó jáde ni ìrì ń fọ̀,
Àwọn ló dífá fún Àwẹ̀ró, aláró Òkè-Elú,
Níjọ́ tó kọjú sí ògiri, tí kò fẹ́ rí oòrùn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń rẹ aṣọ ló kú. Àwẹ̀ró sunkún títí, ẹkún tán, ó dákẹ́. Ìdákẹ́ náà ló burú. Ọ̀sán ló ń sùn, òru ló ń lajú sílẹ̀. Wọ́n á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á fi ṣe eṣinṣin lálejò. Omi ìwẹ̀ rẹ̀ á tutù, á di ti adìyẹ. Ìkòkò aró rẹ̀ náà dákẹ́. Aró tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, kíkú ló ń kú.

Ẹ̀rù ba ará ilé pé yóò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Wọ́n bèèrè. Ifá ní kò ní í kú, ẹbọ ni kó rú: ẹyẹlé kan, obì kan, àti eérú ààrò ilé mẹ́rìndínlógún. Ilé kan láàárọ̀ kan. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni kó fi lọ, ẹnu ara rẹ̀ ni kó fi tọrọ.

Àwẹ̀ró rán àbúrò rẹ̀, Ìbídùn. Ìyẹn kó gbogbo eérú náà wálé láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bó bá ṣeé rán ni, èmi náà ì bá ti rán ọmọ ọmọ mi kó bá mi gbé ìdí ńlá yìí rìn. Wọ́n rú ẹbọ, ẹbọ kò dà.

Ìbídùn da eérú nù, ó fi igbá òfìfo lé e lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹsẹ̀ ò bá gbà, ẹ fi ìdí wọ́ débẹ̀.”

Àwẹ̀ró lọ sílé Ìyá Adógbá tó ń dín àkàrà, ilé àkọ́kọ́. “Ẹ kú ìdáná o. Eérú ni mo wá tọrọ.”

Ìyá Adógbá kọ́kọ́ fi àkàrà gbígbóná sí i lọ́wọ́. “Jẹ ẹ́ lójú mi. N kì í fún eegun léérú.”

Ní ilé kejì, ẹ̀kọ ni wọ́n fún un. Ní ilé kẹta, omi ìwẹ̀ ni. Wọ́n ní òórùn rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀ dé. Ẹsẹ̀ tó rìn láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú un sùn lálẹ́. Ní ọjọ́ keje, kò lè dìde. Onílé keje wá bá a nílé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

“Àwẹ̀ró, eérú rẹ ti tutù nílé mi. N ò gbé e wá o. Ìwọ ni mo wá mú.”

Ó dìde.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún pé, wọ́n tún ẹbọ rú, ẹbọ dà. Omi eérú ni aláró fi ń dá aró. Àwẹ̀ró da omi sí eérú tó kù, ó sẹ́ ẹ, ó rẹ ewé elú sínú omi rẹ̀, aró tuntun sì jẹ. Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ.

Ó ń yin àwọn awo rẹ̀, àwọn awo ń yin Ifá. Ẹni tí a bá ní kó rúbọ, kó má ṣe fi ẹsẹ̀ ẹlòmíràn rú u. Ìgbà náà ni ẹbọ ń gbà, tí ara ń dá.

Ìbànújẹ́ ṣì ń yà kí Àwẹ̀ró. Àmọ́ ìdí aró ló ń bá a. Àlejò náà yóò jókòó díẹ̀, yóò sì máa lọ.