Pọnnatal, Agbẹ̀bí Odò

Ẹni tó bá ní òun ò mọ ẹ̀rù, kò tí ì rí ọjọ́ tí ogun ń bẹ níwájú, tí odò ń bẹ lẹ́yìn. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló dé bá àwọn ará Nanalur, ìletò apẹja kan létí odò ńlá ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, láyé àwọn babańlá wọn. Sembanan, jagunjagun tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ohun ọlọ́hun, kó ogun dí ọ̀nà kan ṣoṣo tó wọ ìletò náà. Ó ní kí wọ́n jáde wá di ẹrú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun yóò sun ilé mọ́ wọn lórí. Ọkọ̀ wà nílẹ̀ o, ọkọ̀ roboto bí agbọ̀n, tí wọ́n fi ọparun hun, tí wọ́n fi awọ màlúù bò. Ṣùgbọ́n oṣù òjò ni, odò sì kún dẹ́nu. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé odò a máa lóyún nínú oṣù náà. Wọn a gbé oúnjẹ àti ẹ̀gbà ọwọ́ fún un bí aboyún, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ lé e. Sembanan mọ èèwọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tó fi dúró de oṣù náà. Ìkà èèyàn!

Wọ́n há bí ẹja inú ìgèrè. Wọ́n wo ọ̀nà, wọ́n wo odò, wọn ò rí ibi tí wọn ì bá tún wò. Marudan, baálẹ̀ wọn, jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kú sílé baba wa. Ẹni tó bá tẹ aboyún mọ́lẹ̀, ikú rẹ̀ á burú ju ikú idà lọ."

Nígbà náà ni Pọnnatal dìde, Pọnnatal opó, alápá líle bí àjẹ̀ ọkọ̀, agbẹ̀bí tí í gbọ́ igbe ọmọ kí ọmọ tó wáyé. Ó ní:

"Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín, ọwọ́ ta ni wọ́n bọ́ sí? Ṣebí ọwọ́ mi ni? Èèyàn lè yẹra fún ẹni tó ń rọbí, agbẹ̀bí kì í yẹra. Bí odò bá lóyún lóòótọ́, ta ni ọmọ tó fẹ́ bí? Àwa ni! Ẹ jẹ́ kí n lọ gbẹ̀bí rẹ̀. Bó bá bínú, èmi ni kó kọ́kọ́ mú."

Baálẹ̀ dìde kúrò lórí ọkọ̀. Ó ní, "Kó wọn lọ, ọmọ mi. Èmi á dúró máa dáná káàkiri ilé. Ilé tí èéfín bá ń rú, ọ̀tá á rò pé onílé wà nílé."

Pọnnatal fi ata ilẹ̀ pupa pa ọwọ́ bó ti í ṣe níbi ìkúnlẹ̀, ó sì ti ọkọ̀ àkọ́kọ́ sómi. Gbogbo ìletò tẹ̀ lé e. Omi ń fi ọkọ̀ pòòyì, àwọn ọmọdé ń ké, òun sì ń kígbe níwájú pé, "Ìyá, rọra! Ìyá, sọ̀ wá láyọ̀!" Odò sọ̀ wọ́n sí òdìkejì, kò mú ẹnì kan. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, èéfín ṣì ń rú ní gbogbo ilé. Nígbà tó yá ó dúdú, ó bo ojú ọ̀run, wọ́n sì mọ̀ pé Sembanan ti wọlé. Pọnnatal fẹ́ padà, wọ́n dì í mú, ó sunkún bí ọmọ kékeré.

Òdìkejì yẹn ni Nanalur wà di òní. Bí oṣù òjò bá dé, agbẹ̀bí tó fi ata ilẹ̀ pupa pa ọwọ́ ló ń wa ọkọ̀ àkọ́kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ilé kọ̀ọ̀kan a dá iná kan sétí odò, wọn kì í gbé ìkòkò kà á. Bí àlejò bá béèrè ta ni wọ́n dáná fún, wọn a ní, "Bàbá wà nílé."