Ẹtu Kò Ra Ẹ̀rín Ìyá Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Kí ni nǹkan náà tó jẹ́ tèmi, tí ẹ̀yin ń rí, tí èmi kì í rí?

Ojú ni!

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ dáadáa. Bí ojú bá jẹ́ tìrẹ, ṣé ó yẹ kí ẹnìkan tún tà á fún ọ?

Kò yẹ o!

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àlọ́ mi yọ̀ tẹ̀rẹ́ láti orí òkè, kò kọlu igi, kò kọlu òkúta, Ìjàpá ahun ló kọlù, ó sì lọ dúró lẹ́sẹ̀ Ẹtu.

Ẹsẹ̀ Ẹtu tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò tẹ́ẹ́rẹ́. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé létí odò. Láti ìgbà tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti jó pápá wọn, tó sì gbé bàbá Ẹtu lọ, Ìyá Ẹtu kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹtu ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó jó títí, pàbó ló já sí.

Lọ́dún kan, lẹ́yìn ìkórè, Ìjàpá wo òkè alámọ̀ pupa tó wà lẹ́yìn ìlú àwọn ẹranko. Ó da omi sí i, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ó gbẹ́ ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ọkọ̀. Ó ṣe ọgbà yí òkè ká, ó fi ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo sí i. Ló bá ń kígbe kiri ìlú:

"Ọgbà Ìdùnnú ti ṣí o! Ẹ wá fi ọkọ̀ yọ̀ láti orí òkè bí ẹni ń fò! Isu kan péré, ẹ ó fi gbogbo ọjọ́ ṣeré!"

Ìyá Ẹtu gbọ́, ó gbé orí sókè. "Ọmọ mi, ṣé òótọ́ ni pé èèyàn á máa bọ́ láti orí òkè bí ẹni ń fò?"

Ó ti pẹ́ tí ìyá ti béèrè nǹkan kan. Ẹtu yan isu tó tóbi jù nínú àká, ó gbé e rù. "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ìjàpá gba isu lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹrí ba. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ máa rìn wọlé."

Wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, Ìjàpá tún ti wà níbẹ̀. "Isu ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ọ nísu," Ẹtu wí.

"Ti ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Àbí ìdí lásán ni Ìyá fẹ́ fi yọ̀?"

Ẹtu sáré padà sílé, ó gbé isu mìíràn wá. Wọ́n tò sẹ́yìn àwọn ẹranko nínú oòrùn. Òùngbẹ gbẹ ìyá. Isu ni Ìjàpá tún gbà kó tó bu omi. Nígbà tó fi kàn wọ́n, oòrùn ti ń wọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì kù.

Ìyá Ẹtu jókòó sínú ọkọ̀, Ẹtu dì í mú lẹ́yìn. Ọkọ̀ gbéra. Tẹ̀ẹ̀ẹ̀rẹ́! Etí ìyá lẹ̀ mọ́ ọrùn, afẹ́fẹ́ kún un lẹ́nu, ni arúgbó bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó ti ikùn wá! Ẹtu gbọ́ ọ, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Wọn kò mọ̀ pé Alágẹmọ wà lórí igi níbi tí ọ̀nà ti yípo. Ó ti pa àwọ̀ dà bí ewé, ó di kámẹ́rà mú, irú èyí tó ń pọ àwòrán jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìjàpá ló fi Alágẹmọ síbẹ̀. Ó ṣèlérí oúnjẹ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ló ń fún un jẹ. Alágẹmọ tẹ kámẹ́rà: ṣáká!

Bí wọ́n ti fẹ́ jáde, àwòrán ni wọ́n rí lórí okùn lẹ́nu ọ̀nà. Nínú ọ̀kan, Ẹkùn dijú, ó ń sunkún. Ẹkùn gidi ti yára kó isu sílẹ̀, ó ki àwòrán rẹ̀ sábíyá, ó lọ. Ìmàdò náà ra tirẹ̀, nítorí amọ̀ dí i nímú nínú rẹ̀. Ẹtu wá rí ti ìyá rẹ̀: ẹnu tó là gbàgà, eyín méjì tó ṣẹ́ kù, ojú tó ń tàn bí ti ọmọdé.

"Èló ni?"

"Apẹ̀rẹ̀ isu kan."

"Nítorí bébà? A san ti ẹnu ọ̀nà, a san ti ọkọ̀, a san ti omi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì yọ̀!"

"Ìrántí ni mò ń tà, n kò ta bébà." Ìjàpá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bí o kò bá rà á, kò burú. Màá gbé e kọ́ sẹ́nu ọjà, kí gbogbo ìlú wá bá wa ka eyín ìyá rẹ."

Ẹtu bojú wẹ̀yìn. Ìyá ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín tí wọ́n ti ń wá láti ọjọ́ yìí, ó tún fẹ́ sá wọlé.

"Ìyá mi, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu." Ẹtu kọjú sí Ìjàpá. "Gbé e kọ́! Gbé e ga, kí ará ẹ̀yìn lè rí i. Ìyá mi rẹ́rìn-ín ni, kò jalè. Ìwọ kọ́ lo máa ta ojú ìyá mi fún mi."

Ilẹ̀ mọ́, àwòrán ti wà lórí igi ẹnu ọjà. Ìjàpá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń retí ẹ̀sín. Ẹtu mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ dúró lábẹ́ igi gan-an, ó sì dá orin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ wá wo ìyá mi o,
*Tẹ̀rẹ́rẹ́, ẹ̀rín dé!*
Iná jó pápá wa,
*Tẹ̀rẹ́rẹ́, ẹ̀rín dé!*
Eyín méjì ló kù,
*Tẹ̀rẹ́rẹ́, ẹ̀rín dé!*
Méjèèjì ń rẹ́rìn-ín,
*Tẹ̀rẹ́rẹ́, ẹ̀rín dé!*

Ọ̀yà ló kọ́kọ́ nu ojú. "Ìyá, ẹ kú ewu iná. Ẹ̀rín yìí yẹ yín." Ni wọ́n bá ń wá kí ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹkùn náà dìde, ó fa àwòrán yọ lábíyá, ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá. "Mo sunkún. Òkè yẹn ga! Ta ló fẹ́ bá mi jà sí i?" Ìmàdò náà gbé tirẹ̀ kọ́. Kò sẹ́ni tó tún bẹ̀rù Ìjàpá mọ́.

"Aláìmoore ni gbogbo yín!" Ìjàpá fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. "Ọgbà mi tó isu yín, ó tún lé!"

"Ìwọ náà ti yọ̀ níbẹ̀ rí?" Ẹtu bi í.

Ìjàpá fẹ́ yọ́ lọ, Ẹtu dí i lọ́nà.

"Bó bá tó isu, yọ̀ kí a rí i."

"Yọ̀! Yọ̀!" ni gbogbo ẹranko ń ké. Wọ́n sìn ín dé orí òkè. Ìjàpá jókòó sínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, kò rí nǹkan dì mú. Ọkọ̀ dé ibi ìyípo, ó dà á nù. Ẹ̀yìn ni Ìjàpá fi balẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dòkè, ó ń pòòyì bọ̀ bí òkòtó.

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Màá dá isu padà!"

Ṣáká! lókè igi.

Alágẹmọ sọ̀kalẹ̀, ó fa àwòrán lé Ẹtu lọ́wọ́.

"Alágẹmọ, ta ló rán ọ?" Ìjàpá béèrè láti orí ẹ̀yìn tó wà.

"Ebi ni."

Wọ́n gbé àwòrán Ìjàpá kọ́ sẹ́nu ọjà. Kò pẹ́ tó fi tọ Ẹtu wá. "Ẹtu arẹwà, èló ni?"

"Kì í ṣe títà."

"Màá fún ọ ní apẹ̀rẹ̀ isu méjì."

"Isu wa ni."

Ìjàpá kó gbogbo isu padà fún àwọn tó ni ín, ó fún Alágẹmọ náà ní tirẹ̀, ó ń làágùn. "Mo ti dá a padà. Ẹ wá sọ àwòrán mi kalẹ̀."

"A dúpẹ́ isu," Ẹtu wí. "Àwòrán kò ní sọ̀."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti tẹjú mọ́ Ìjàpá, á rò pé wọ́n tún fẹ́ ya àwòrán òun ni. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń fa orí wọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀ kíákíá, tí kò ní yọ ọ́ títí ẹni náà yóò fi kọjá.

Ibi tí àlọ́ mi yọ̀ dé rèé, ó fìdí balẹ̀ pẹ̀ẹ́. Bí mo bá pa irọ́ mọ́ ọn, kí ahọ́n mi má mọ adùn iyọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n n kò purọ́ o!