Ìdí Tí Àkùkọ Fi Ń Lu Apá Kí Ó Tó Kọ

Nígbà láéláé, kí àkùkọ tó mọ̀ pé apá wúlò fún ohun mìíràn yàtọ̀ sí oge, òun ni akéde gbogbo ẹyẹ ilẹ̀. Bí ó bá ti wo ojú ọ̀run yíká tí kò rí àwòdì, á ké pé, "Ojú ọ̀run mọ́, ẹ jáde!" Òròmọdìẹ, ọmọ àparò àti ọmọ pẹ́pẹ́yẹ á sì tú jáde lábẹ́ ewé, wọn á máa jẹ káàkiri láìfòyà.

Iṣẹ́ ńlá ni, Àkùkọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí i tó ń kọjá, ẹ ó rò pé òun ló bí oòrùn. Àgbébọ̀ ìyàwó rẹ̀ kì í bá a jiyàn, nítorí inú òun náà ń dùn pé ọkọ òun ni gbogbo ilẹ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ Àkùkọ lẹ́nu, ìrìn ni. Ní òwúrọ̀, á lọ ké sí àwọn ará etí odò. Bí oòrùn bá ga, á sáré lọ sórí àpáta tó wà nínú oko kókò. Ní ìrọ̀lẹ́, ó di ìdí igi agbálùmọ̀. Ó ní akéde ńlá kì í rìn tòun tẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ó bá tọ Ìyá Oyin lọ, ẹni tó mọ ìda lò ju gbogbo wọn lọ. Ìyá Oyin gbé àdó mẹ́ta sílẹ̀, ó ní kí ó ké sínú wọn, ó sì fi ìda dí wọn lẹ́nu. Ó fi ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí ti etí odò, kí oòrùn òwúrọ̀ lè yọ́ ọ. Ti orí àpáta nípọn, kí ó lè di ọ̀sán kó tó yọ́. Ti ìrọ̀lẹ́ ló nípọn jù. Àkùkọ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí àyè rẹ̀. Bí ìda bá ti yọ́, ohùn á bọ́ jáde fúnra rẹ̀; bí ilẹ̀ bá sì tutù lálẹ́, ìda á tún dì. Ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín ń fi fóònù ṣe, tí wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lónìí, tí wọ́n á ní kó jáde sórí ayélujára lọ́la nígbà tí àwọn bá ń sùn, Àkùkọ ti ṣe é rí.

"Ọmọ mi," ni Ìyá Oyin wí, "àdó yìí ní ẹnu, kò ní ojú. Ìwọ ni kó o máa bá a wo ojú ọ̀run."

Àkùkọ ní òun ti gbọ́. Ó wo ojú ọ̀run fún ìgbà díẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó yá, ó sinmi sínú eruku, ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì ń sọ fún Àgbébọ̀ pé kó gbọ́ bí ohùn ọkùnrin ṣe ń dún.

Àwòdì ló kọ́kọ́ fura. Ó rí i pé bí òun tilẹ̀ ń rà bàbà lókè, ohùn náà á ṣì máa ké pé ojú ọ̀run mọ́. Ọ̀rọ̀ wá di ti àwòdì tó ń re Ìbarà tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, àdó etí odò ké, àwọn ọmọ tú jáde, Àwòdì sì já wálẹ̀. Àkọ́bí Àparò ló gbé lọ.

Ẹkún Àparò ló jí Àkùkọ nínú eruku. Àparò kò bú u, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

"Àkùkọ, ìwọ lo ní kí ọmọ mi jáde. Kí lo rí lójú ọ̀run tó o fi pè é?"

Ojú ti Àkùkọ gan-an.

Àgbébọ̀ gbójú sókè, ó wo oòrùn. "Baálé mi," ó ní, "oko kókò ni àwọn ọmọ wa wà. Àdó orí àpáta ò ní pẹ́ ṣí mọ́."

Àkùkọ kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré gba inú ẹrẹ̀ kọjá, kò rántí oge. Nígbà tó gun orí àpáta, ìda ti ń kán tó, tó, tó, ohùn sì ti ń yọ́ jáde lẹ́nu àdó: "Ojú ọ̀run…" Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń yọ orí lábẹ́ ewé. Àwòdì ti ká apá kò, ó ń bọ̀.

Kò sí ohun tí Àkùkọ lè fi dí àdó náà. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù wọ́n lé e lórí, pà, pà, pà. Atẹ́gùn apá rẹ̀ mú ìda tutù, ìda dì, ohùn inú àdó sì pa mọ́. Ó wá na ọrùn, ó fi ẹnu ara rẹ̀ ké.

"Ẹ má jáde! Èmi gan-an ni, ojú mi ló rí i!"

Àwọn ọmọ sá padà sábẹ́ ewé. Ewé kókò lásán ni Àwòdì fà ya, ló bá fò lọ.

Lọ́jọ́ náà, Àkùkọ fọ́ àdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Àparò lójú gbogbo ẹyẹ, tòun tẹrẹ̀ láyà. Àwọn kan ní kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àparò, tí omijé kò tíì gbẹ lójú rẹ̀, ló dá wọn lóhùn.

"Ẹ jẹ́ kó máa ṣe é lọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ máa gbọ́ apá rẹ̀ ká tó gba ẹnu rẹ̀ gbọ́. Àdó lè ní ohùn, àdó ò ní apá."

Láti ọjọ́ náà ni àkùkọ ti máa ń lu apá kí ó tó kọ. Ẹ ṣọ́ ọ láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ó rí i tí yóò fi ẹ̀gbẹ́ ojú kan wo òkè, tí yóò lu apá, kí ó tó wá na ọrùn. Ìgbéraga rẹ̀ kò dín kù rárá, ó tún lé sí i ni, ó sì tọ́ sí i. Òròmọdìẹ tó bá ti gbọ́ pà, pà, pà yẹn mọ̀ pé bàbá òun fúnra rẹ̀ ló dúró síbẹ̀.